Màlúù Tí Ìdíátù Ń Pè Ní Ọkọ

Ìdíátù Alálùbọ́sà kì í dárí ji ènìyàn. Ẹni tí kò bá ṣẹ̀ ẹ́ yóò sọ pé onínúure ni, òótọ́ sì ni. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́, ó ń gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sáyà bí obìnrin ọjà ṣe ń gbé kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ sáyà. Kì í sọnù.

Zaria ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ bá ọkọ̀ ojú irin wá láti Ọ̀fà, kò padà mọ́. Hausa yá lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ, nítorí náà tó bá fẹ́ bú ènìyàn, èdè méjì ló ní lọ́wọ́. Àlùbọ́sà ló ń tà ní ọjà Sábó. Yóò fọwọ́ tẹ ọrùn àlùbọ́sà kan, yóò ní, "Eléyìí ò dé Jímọ̀." Kò sì ní dé Jímọ̀.

Ọkọ rẹ̀, Mùtíù, wa ọkọ̀ akẹ́rù títí ó fi kú. Nígbà ayé rẹ̀, gbogbo Iléyá ni wọ́n ń pa màlúù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní Dogarawa. Aládùúgbò mẹ́fà á dara pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á di méje lórí màlúù kan bí ẹ̀sìn ṣe gbà á. Iyì ilé náà nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dà síbẹ̀, àwọn ọmọdé á máa fò ó kọjá títí dìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí Mùtíù kú, àbúrò rẹ̀, Tàjùdéèn, ní òun yóò ṣú Ìdíátù lópó. Tàjùdéèn sanra, ó fẹ́ràn ẹ̀rín, ó ń sin màlúù, ó ń ta wàrà. Agboolé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ẹbí jókòó, wọ́n bi Ìdíátù léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹni tó ti sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣé ó tún máa lọ sùn lórí àpò dúsà?"

Dúsà ni èèrí ọkà tí Tàjùdéèn fi ń bọ́ màlúù. Àwọn àgbà fọwọ́ bo ẹnu. Tàjùdéèn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà náà tó fi mọ ògiri sáàárín agboolé. Kànga bọ́ sọ́dọ̀ tirẹ̀. Láti ìgbà náà, tí Ìdíátù bá fẹ́ omi, àfi kó jáde sí títì, kó yí àdúgbò po, kó lọ tò nídìí omi ẹ̀rọ iwájú mọ́ṣáláṣí. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí ògiri náà, Tàjùdéèn gun orí rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́.

"Ẹ̀jẹ̀ màlúù ò ní kan ẹnu ọ̀nà yẹn mọ́. Ọkùnrin ló ń pa màlúù."

Ìdíátù gbọ́. Ó lọ ra ọ̀dọ́ akọ màlúù kan.

Dúdú ni màlúù náà, ààmì funfun wà níwájú orí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri gan-an ló so ó mọ́. Láràárọ̀ ni yóò gbóhùn sókè: "Ọkọ mi, ṣé ẹ jí dáadáa? Ẹ jẹun o, ọkọ mi. Ọkọ gidi kì í gun ògiri pariwo." Nínú ilé Yorùbá, àbúrò ọkọ, ọkọ ni. Tàjùdéèn mọ ibi tí òkò náà ń lọ. Yóò wú ikọ́ ní ìhà kejì, yóò lu garawa wàrà rẹ̀ gbàgàgbàgà.

Màlúù sanra. Ìdíátù ti wá àwọn mẹ́fà tó máa bá a pín in. Ó ti pinnu ibi tí alápatà máa dúró sí, ibi tí òun fúnra rẹ̀ máa gbé àga sí, kí Tàjùdéèn lè rí i tó bá yọjú. Ohun kan ṣoṣo tó ń gbé e dìde láàárọ̀ nìyẹn: kí màlúù yìí dé ọjọ́ Iléyá.

Àfi bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe bá àpò àlùbọ́sà rẹ̀ níta. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ìdíátù kì í da nǹkan nù. Látọdún tó ti ń tà á ni àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ ti ń jẹ èyí tó bá bàjẹ́, wọ́n ń bímọ, ara wọn ń dán. Ó wá ń da agbọ̀n kan fún màlúù láàárọ̀, agbọ̀n kan nírọ̀lẹ́. Màlúù á jẹ ẹ́ tán, á tún lá ilẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan, màlúù kò dìde. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìdíátù fa ètè rẹ̀ sókè, èrìgì ti funfun bí ẹ̀kọ. Ó tọ̀, ìtọ̀ náà pọ́n, ó ṣókùnkùn bí omi zobo.

Ìdíátù wo ìtọ̀. Ó wo ògiri.

"Ó ti ṣe é," ló wí.

Kò wá dókítà o. Ọ̀dọ̀ Mai Unguwa, olórí àdúgbò wọn, ló gbà lọ, lábẹ́ igi dógóyárò níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jókòó. Ó ní Tàjùdéèn ti da májèlé fún màlúù òun láti orí ògiri. Wọ́n ránṣẹ́ pe Tàjùdéèn. Ó dé tòun ti pákò lẹ́nu.

"Èmi?"

"Ẹ̀yin o, Bàbá Simbiat. Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ò ní kan ilẹ̀. Ẹ ti wá ọ̀nà ẹ̀."

"Ìyàwó, tí mo bá fẹ́ bá ọkọ rẹ jà, ṣebí màá wọlé bá a ni. Ṣé ó le jù mí lọ ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mai Unguwa gbọ́wọ́ sókè. "Ina hujja?" Ẹ̀rí dà?

"Inú ẹ̀jẹ̀ màlúù ló wà," Ìdíátù dáhùn. "Mo ń lọ mú un wá. Tí mo bá mú un dé, kó fọwọ́ ara rẹ̀ wó ògiri yẹn, kó kó màlúù rẹ̀, kó fi àdúgbò yìí sílẹ̀."

"Mú un wá ná," Mai Unguwa wí.

Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu. Kó tó di ọ̀sán, àwọn tó ń ra wàrà lọ́wọ́ Tàjùdéèn ti ń gba ibòmíràn. Ta ló fẹ́ mu wàrà lọ́wọ́ ẹni tó ń da májèlé? Ìdíátù rí wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ó dùn mọ́ ọn débi pé ó gbàgbé láti jẹun.

Dókítà tó bá a wá láti ilé ìwòsàn ẹran ní Samaru, obìnrin ni, Ọmọ́yẹlé lorúkọ rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fá irun díẹ̀ lọ́rùn màlúù, ó fi àtàǹpàkò tẹ iṣan títí tó fi wú, ó gún un, ó fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré kan tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò. Oògùn wà nínú ìgò náà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

"Màmá, ẹ dúró tì í. Màá pè yín tí mo bá rí nǹkan."

"Ibi tí ẹ̀jẹ̀ yìí bá ń lọ, èmi náà ń lọ."

"Yàrá àyẹ̀wò ni mò ń gbé e lọ."

"Bàbá Simbiat ní ọ̀rẹ́ káàkiri."

Wọ́n jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Samaru. Ìdíátù di ìgò náà mọ́wọ́ bí ẹni di ọ̀bẹ mú.

Dókítà fa ẹ̀jẹ̀ sínú gíláàsì tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀, ó tì í bọ inú ẹ̀rọ kan tó ń yí bí òòyì. Nígbà tó yọ ọ́, ẹ̀jẹ̀ ti pín. Pupa wà nísàlẹ̀, funfun fẹ́lẹ́ lé e, omi wà lókè.

"Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe omi lásán, Màmá. Hóró ló kún inú rẹ̀, ojú lásán ò lè rí wọn. Àwọn hóró pupa yìí ló ń gbé afẹ́fẹ́ tí ẹran bá mí sínú káàkiri ara. Àwọn funfun yìí ń bá àrùn jà. Ti màlúù tí ara rẹ̀ le, pupa á tó ìdá kan nínú mẹ́ta gíláàsì yìí."

"Tèmi ńkọ́?"

"Kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Omi òkè yìí náà, ó yẹ kó rí bí omidùn. Ẹ wò ó, ó pọ́n. Àwọn hóró ń bẹ́ nínú iṣan. Ohun tó ń dà jáde nínú wọn lẹ rí nínú ìtọ̀ yẹn."

"Májèlé ni."

"Ẹ ní sùúrù."

Ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó fi òmíràn fà á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ta aró sí i, ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Ó wá kòkòrò tí eṣinṣin ń kó bá màlúù, kò rí i. Ó wá ti eégbọn, kò rí i. Lẹ́yìn náà ló ní kí Ìdíátù wá wò ó.

Ìdíátù rí àwọn hóró bí ẹ̀wà tí wọ́n sá sórí ẹní. Létí ọ̀pọ̀ wọn, nǹkan kékeré kan yọ bí ìrorẹ́.

"Kí ló ń jẹ?" Dókítà bi í.

"Dúsà. Koríko ẹ̀wà. Àlùbọ́sà díẹ̀."

"Díẹ̀ bí i báwo?"

"Agbọ̀n kan láàárọ̀. Agbọ̀n kan nírọ̀lẹ́."

Dókítà gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ. "Àlùbọ́sà ni, Màmá. Òun ló jẹ́ kí wọ́n hu ìrorẹ́ yẹn. Hóró tó bá ti hu ú, bíbẹ́ ló kù."

"Ewúrẹ́ mi ń jẹ ẹ́ látọjọ́ aláyé!"

"Ewúrẹ́ lè fara dà á. Màlúù ò lè fara dà á bẹ́ẹ̀."

Ìdíátù tún ronú. "Ṣé kò lè jẹ́ pé Bàbá Simbiat ló ń ju àlùbọ́sà wọlé láti orí ògiri?"

"Agbọ̀n méjì lójúmọ́?"

"Alágbára ni."

"Màmá, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ń ta àlùbọ́sà?"

Ìdíátù ti yọ ọ̀bẹ, kò wá sí ẹni tí yóò fi gún mọ́.

Dókítà ní ọ̀rọ̀ kù. Màlúù náà kò ní di ọ̀la láìgba ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní láti fà á lára màlúù mìíràn tó tóbi, tí ara rẹ̀ le. Àwọn Fúlàní ti da màlúù wọn jìnnà lọ. Ti inú ọjà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà lára wọn.

"Mo rí abo màlúù ńlá kan lẹ́yìn ògiri yín," Dókítà wí.

Ìdíátù jókòó sílẹ̀. Ó rò ó pé kí màlúù kúkú kú. Ó rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n tí màlúù bá kú, ọ̀rọ̀ Tàjùdéèn ti ṣẹ nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ò ní kan ilẹ̀. Ó dìde.

Wọ́n bá Tàjùdéèn níwájú ilé. Igbá wàrà tí ẹnikẹ́ni ò rà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eṣinṣin ti bò ó.

"Ìyàwó, ẹ̀rí dà?"

"Màlúù ń kú lọ. Ẹ̀jẹ̀ ló fẹ́ gbà. Ti abo màlúù yín la wá tọrọ."

"Ẹ̀rí ni mo béèrè."

Ìdíátù wo ilẹ̀. Ó ti rẹ Dókítà. "Bàbá, àlùbọ́sà ló jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, àsìkò ń lọ."

Tàjùdéèn rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àlùbọ́sà! Kai! Alálùbọ́sà ń fi àlùbọ́sà pa ọkọ!" Ẹ̀rín náà dá lójijì. "Ẹ fà á. Ẹ fà á kó pọ̀. Mi ò gba nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, Ìyàwó, tí o bá ń pè é lọ́kọ, kí o mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ilé mi lò ń kí."

Ká ní Tàjùdéèn ní kó kúnlẹ̀ ni, Ìdíátù ì bá kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Tàjùdéèn ò ní kó kúnlẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Dókítà yẹ abo màlúù náà wò, ó fá ọrùn rẹ̀, ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú àpò rọ́bà. Wọ́n gbé e yí títì wá, nítorí ògiri. Wọ́n fi díẹ̀ dán màlúù wò bóyá ara rẹ̀ á gbọ̀n. Kò gbọ̀n. Wọ́n jẹ́ kó máa kán wọlé díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́, màlúù ti gbórí sókè. Lọ́jọ́ kejì ó dìde.

Báyìí ni ìyà Ìdíátù bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, láti orí ògiri: "Ìyàwó, báwo lẹbí mi? Ó jẹun? Má fi àlùbọ́sà ṣe é lálejò o!" Ìdíátù kò lè pe màlúù ní ọkọ mọ́.

Ṣùgbọ́n òun náà ní nǹkan kan lọ́wọ́. Tàjùdéèn ń sọ fún gbogbo ayé pé àlùbọ́sà ni, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, kí ló tún fẹ́ sọ? Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu Ìdíátù. Mai Unguwa bi í, Ìdíátù ní, "Màlúù ti gbádùn, Alhamdulillahi," ó bá tirẹ̀ lọ. Wàrà Tàjùdéèn ń kan nílé. Ìdíátù ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, ó ń dùn mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Tàjùdéèn kí i lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ kírun. Gbogbo àdúgbò ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ìdíátù wo àpò àlùbọ́sà jíjẹrà tó kù. Ó wo ògiri. Ibi ìjẹun abo màlúù náà wà nídìí ògiri gan-an, ní ìhà kejì. Òun náà ti di dókítà báyìí, ó mọ ohun tí agbọ̀n méjì lójúmọ́ ń ṣe. Ó gbé àga, ó gun orí rẹ̀, ó gbé àpò náà ka orí ògiri.

Abo màlúù gbórí sókè wò ó. Ibi tí Dókítà fá lọ́rùn rẹ̀ kò tíì hu irun tán.

Ìdíátù dúró bẹ́ẹ̀ títí apá fi ń ro ó. Ó ṣépè ní Hausa, ó ṣépè ní Yorùbá, ó sì gbé àpò náà sọ̀kalẹ̀ sí ìhà tirẹ̀. Ó fi aṣọ bora, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó gba Samaru lọ.

"Dókítà, ẹ bá mi yọ ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yẹn kúrò lára màlúù mi."

"Ẹ̀jẹ̀ wo?"

"Tìgbà yẹn."

Dókítà Ọmọ́yẹlé rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. "Màmá, ẹ̀jẹ̀ yẹn ti lọ tipẹ́. Hóró tí màlúù bá yá lọ́wọ́ màlúù mìíràn kì í pẹ́ lára rẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ni, ara á ti run ún. A kàn fi dáàbò bo ẹ̀mí rẹ̀ ni, kí mùdùnmúdùn inú egungun rẹ̀ lè rí àyè ṣe tuntun. Èyí tó ń ṣàn nínú rẹ̀ báyìí, tirẹ̀ ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ìdíátù rìn dé ẹnu géètì kó tó rántí pé òun ò dúpẹ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà sáyà. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Tàjùdéèn ń kí i láràárọ̀, ó ń dáhùn pé, "Ẹbí yín wà, Bàbá Simbiat, ó ń kí yín." Tàjùdéèn rò pé ó ti gbà fún òun.

Iléyá dé. Alápatà da màlúù dúbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Mùtíù, ó dárúkọ Ọlọ́run, ẹ̀jẹ̀ dà. Àwọn mẹ́fà dúró yí i ká. Mai Unguwa wá kí wọn. Ìdíátù jókòó sórí àga tó ti gbèrò látọjọ́ yìí. Bí wọ́n ṣe ń pín ẹran ni Tàjùdéèn yọ.

"Ìyàwó, barka da sallah, kú ọdún o. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ni tèmi. Ẹ̀jẹ̀ mi lẹ dà sílẹ̀ yìí."

Ìdíátù ti ń retí rẹ̀. Ó dìde. "Ẹ̀jẹ̀ yín dà? Ẹ bi Dókítà wò. Ẹ̀jẹ̀ yín ò lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tó fi kú. Màlúù yìí gbé e mì, ó run ún, ó ṣe tirẹ̀. Kò sí ẹ̀kán kan tó jẹ́ tiyín nílẹ̀ yìí. Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ò ní kan ẹnu ọ̀nà yìí mọ́. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín!"

Tàjùdéèn wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti kan bàtà rẹ̀. Ẹ̀rín sọ láàárín èrò. Ó pẹ́ tí Ìdíátù ti ń wá ẹ̀rín yẹn.

Tàjùdéèn dúró títí ẹ̀rín náà fi rọlẹ̀. Ojú rẹ̀ ò rí bíi tẹni tó fẹ́ jà mọ́.

"Ẹ̀jẹ̀ ti kú, mo gbà," ó wí. "Ọ̀rọ̀ tí o sọ nípa mi níwájú Mai Unguwa ńkọ́, Ìyàwó? Òun náà ti kú?"

Mai Unguwa wo Ìdíátù. Tàjùdéèn yí padà, ó gba ilé rẹ̀ lọ.

Ìdíátù gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ alápatà. Ìpín tirẹ̀ ló kọjú sí. Ó gé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan, ó gbé e sínú abọ́ ńlá. Ó wọlé, ó mú àlùbọ́sà mẹ́ta jáde, ó kó o lé ẹran lórí. Ó gbé abọ́ rù. Ó gba títì, ó yí àdúgbò po, èrò ń tẹ̀ lé e, Mai Unguwa náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Iwájú Tàjùdéèn ló sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Tàjùdéèn wo abọ́. "Àlùbọ́sà yìí wá ńkọ́?"

Ìdíátù sọ ọ́ sókè kí ẹni ẹ̀yìn lè gbọ́. "Ẹ fi se ẹran. Ènìyàn lè jẹ ẹ́. Màlúù ni kò lè jẹ ẹ́. Mo fún tèmi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Kò sẹ́ni tó ju nǹkan kan wọlé. Ẹ má fún tiyín."

Tàjùdéèn ò rẹ́rìn-ín. Ó fa omi láti inú kànga, ó bù ú sínú ife, ó nà án sí i.

"Mu omi, Ìyàwó. O ti rìn."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí."

Irọ́ ni. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, abọ́ sì wúwo. Ó yí padà, ó gba títì lọ sílé.